Ta ló kọ́kọ́ fi orin sí ààfin Dracula?

Bí àwọn olólùfẹ́ Castlevania, géèmù tí akọni ti ń wọ ààfin Dracula amùjẹ̀ lọ bá a jà, bá ti kóra jọ, kì í pẹ́ tí àríyànjiyàn fi í dé orí orin: ta ló mọ̀ ọ́n ṣe jù? Ọ̀pọ̀ á ní Michiru Yamane, tó ṣe orin àwọn kan tó jáde lẹ́yìn, ni, wọn ò sì ní fẹ́ gbọ́ ti ẹlòmíràn. Èmi ní tèmi, ọ̀dọ̀ Kinuyo Yamashita ni mo wà. Lọ́dún 1986 tí òun àti Satoe Terashima ṣe orin géèmù àkọ́kọ́, Yamane kò tíì wọ Konami, iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, rárá.

Ọmọ Amagasaki ni Yamashita, ìlú kan nítòsí Osaka ní Japan. Ó ti ń tẹ dùùrù láti kékeré, àmọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ẹ̀lẹ́kítíróníìkì ló lọ kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga. Bó ṣe jáde ni Konami gbà á, Castlevania sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ yẹn ló ràn án lọ́wọ́ jù. Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo ìgbà náà, kò ju ohùn márùn-ún lọ: méjì tó ń han gooro, ọ̀kan tó ń ṣe ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀kan tó jẹ́ ariwo lásán tí wọ́n ń fi ṣe ìlù, àti ọ̀kan fún ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹgbẹ́ olórin ńlá sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, orí á fọ́ ọ. Ó ní láti jẹ́ ẹni tó mọ inú ẹ̀rọ ló lè gbà pé ohùn díẹ̀ tó, bí orin fúnra rẹ̀ bá ti dùn. Ẹ gbọ́ “Vampire Killer” ní ìpele àkọ́kọ́, kí ẹ tún gbọ́ “Wicked Child” ní ìkẹta. Kò sí ibi tí orin ti dákẹ́ mí.

Orúkọ rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹni tó bá ta géèmù náà parí, “James Banana” ni yóò rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe orin. Ẹ̀fẹ̀ ni. James Bernard ló ṣe orin fíìmù Dracula tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde lọ́dún 1958, òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ Bram Stoker, ẹni tó kọ ìwé Dracula, pàápàá di “Vram Stoker”. Àṣà àwọn iléeṣẹ́ géèmù Japan nígbà yẹn ni láti bo orúkọ òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ní kí iléeṣẹ́ mìíràn má baà fà wọ́n lọ. Tí àwo orin bá jáde, Konami Kukeiha Club, orúkọ ẹgbẹ́ wọn lápapọ̀, ni wọ́n máa ń kọ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni mo gbà pé àríyànjiyàn yìí ti ṣẹ̀: ẹni tí orúkọ rẹ̀ hàn lẹ́yìn náà ló kó gbogbo ọpẹ́ lọ.

Kenichi Matsubara ṣe orin “Bloody Tears” fún Castlevania apá kejì lọ́dún 1987, òun náà kò kéré. Lọ́dún 1989, kásẹ́ẹ̀tì géèmù apá kẹta ní Japan ní ṣíìpù kan nínú tó ń jẹ́ VRC6, tó fi ohùn mẹ́ta kún ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ àwọn ará Amẹ́ríkà kò lè gbé ohùn wọ̀nyẹn jáde, ni wọ́n bá gé orin náà kù. Ẹni tí kò bá gbọ́ ti Japan kò tíì gbọ́ orin “Beginning” dáadáa, jẹ́ kó lọ gbọ́ ọ kó tó bá mi jiyàn.

Nígbà tí Rondo of Blood, Castlevania mìíràn, jáde lórí CD lọ́dún 1993, “Vampire Killer”, “Bloody Tears” àti “Beginning” ni wọ́n tún ṣe sínú rẹ̀. Kí Yamane tó ṣe orin Castlevania tó ń jẹ́ Bloodlines lọ́dún 1994 nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mi lórí Yamane kò gùn. Orin rẹ̀ nínú Symphony of the Night, Castlevania ọdún 1997, dára, ó fi gìtá, dùùrù àti orin ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀. Lọ́dún 2010, Óscar Araujo ará Spain gbé ẹgbẹ́ olórin ńlá wọ Castlevania tó ń jẹ́ Lords of Shadow, ariwo pọ̀ níbẹ̀, mi ò sì lè kọ ẹyọ kan lórí nínú rẹ̀. “Vampire Killer” ńkọ́? Ẹ súfèé rẹ̀ fún ẹni tó bá ta géèmù náà rí, yóò gbè é.