Kí Ló Dé Tí Àbùdá S Kò Tán Láyé?

Ìbéèrè: Ọjọ́ ti pẹ́ tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti ń pa ọmọdé. Bí ẹ̀dá tó bá lágbára ló ń yè, kí ló ṣe tí àbùdá tó ń fà á ṣì wà?

Ìdáhùn: Ẹ mú bírò ká jọ ṣírò ó. S ni àbùdá tó ń fa àrùn yìí, A sì ni èyí tí kò ní àrùn. Méjì nínú irú àbùdá yìí ni kálukú ń jogún, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ká ní a bí ọmọ 121: 100 jẹ́ AA, 20 jẹ́ AS, ẹyọ kan jẹ́ SS. Ká tún ní kò sí ìtọ́jú, SS kì í dàgbà, ibà ẹ̀fọn sì ń pa ọ̀kan nínú AA mẹ́wàá. Ibà kì í sábà rí AS gbé ṣe, nítorí náà ká fi gbogbo wọn sílẹ̀.

SS kan yẹn kú, ó gbé S méjì lọ. AA mẹ́wàá kú, wọ́n gbé A ogún lọ. Ó ku èèyàn 110, àbùdá 220, S sì jẹ́ 20 nínú rẹ̀: ọ̀kan nínú mọ́kànlá. Ẹ wá padà ka ti àwọn ọmọ tuntun. S 22 nínú 242. Ọ̀kan nínú mọ́kànlá náà ni! Ikú ṣọṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ ìpín S ò yẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣa nọ́ńbà tó bára mu?

Ìdáhùn: Mo ṣà á, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n bí S bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀rẹ̀, yóò máa pọ̀ sí i. Bó bá pọ̀ jù, yóò máa dínkù, títí yóò fi débẹ̀. Ọdún 1908 ni Hardy, onímọ̀ ìṣirò, àti Weinberg, oníṣègùn, tí kálukú ń dá tiẹ̀ ṣe, fi ìṣirò hàn bí AA, AS àti SS ṣe ń pín ara wọn nígbà ìbí. Àwọn onímọ̀ nípa àbùdá, Fisher, Haldane àti Wright, ló wá fi ọ̀rọ̀ ta ló kú, ta ló yè kún un. Ní 1954, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Allison gbé ẹ̀rí jáde pé AS ní ààbò lọ́wọ́ ibà lóòótọ́.

Ìbéèrè: Bí ibà bá kásẹ̀ nílẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: S á máa lọ, àmọ́ bí ìgbín ni. Ìran tó tẹ̀ lé e, 1/12. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, 1/13. Ìran mọ́kànlá ni yóò gbà kó tó dá sí méjì, ìyẹn nǹkan bí ọdún 275 bí ìran kan bá jẹ́ ọdún 25. Inú AS ni S ń sá pamọ́ sí, ikú kì í sì í wá a débẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé irú ìṣirò yìí kì í tàsé?

Ìdáhùn: Ó máa ń tàsé dáadáa, pàápàá níbi tí èèyàn ò bá ti pọ̀. Bí èèyàn mẹ́wàá bá tẹ̀dó sí erékùṣù kan, tó jẹ́ AS kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, tónítọ̀hún ò sì bímọ, S tán níbẹ̀ nìyẹn, ibà ò mọwọ́ mẹsẹ̀.