Eclipse: bí gbèsè ṣe ń pa ọ̀pẹ kí ogun tó dé

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àpótí eré Eclipse lórí tábìlì mi, ọkọ̀ ogun inú rẹ̀ ló máa ń gbé sókè. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé, báwo ni òun ṣe máa fi eléyìí na àwọn tó kù? Èmi tí mo ń kọ́ èèyàn ní eré orí tábìlì, mo ti rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń fìdí rẹmi nígbà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó yìnbọn fún wọn. Owó ló tán lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí n ó fi sọ̀rọ̀ owó dáadáa lónìí; ogun, a ó kàn fọwọ́ bà á.

Fún ẹni tí kò ta á rí: Touko Tahkokallio, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, ló ṣe eré yìí, ó sì jáde ní 2011. Ẹ̀dà kejì dé ní 2020. Èèyàn méjì sí mẹ́fà ló lè ta á. Olúkúlùkù ní ẹ̀yà tirẹ̀, ilé rẹ̀ sì wà lórí páálí onígun mẹ́fà kan. Yàtọ̀ sí àwọn ilé wọ̀nyí àti páálí tó wà láàárín gbùngbùn, ọ̀pọ̀ jù lọ sánmà ló ṣófo. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa ṣí páálí tuntun, tí ẹ ó máa tò ó mọ́ra. Ìyípo mẹ́jọ ni ẹ̀dà kejì ní (mẹ́sàn-án ni ti àkọ́kọ́), ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, tí àwọn kan nínú yín sì jẹ́ tuntun, ẹ ya wákàtí mẹ́ta ó lé sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní wákàtí kan àbọ̀ ti tó, ẹ má dá a lóhùn.

Ó yá, owó. Lórí pátákó tó wà níwájú yín, àwọn àmì roboto kan tò lọ gbọọrọ. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ìbáà jẹ́ pé ẹ fẹ́ ṣí páálí, kí ẹ ra ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí ẹ kan ọkọ̀ tàbí kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbòmíràn, ẹ ó yọ àmì kan. Ilẹ̀ tuntun tí ẹ bá gbà, ẹ ó tún fi àmì kan lé e lórí. Nọ́ńbà kan wà lábẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá hàn kẹ́yìn sì ni owó tí ẹ ó san nígbà tí ìyípo bá parí. Bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn nìyí: 0, 0, 1, 2, 3, 5, 7, 10, 13, 17, títí dé 30. Ẹ wò ó bó ṣe ń fò.

Ohun tí ọ̀pẹ kì í tètè rí ni pé àmì tí ẹ fi ṣe ìgbésẹ̀ máa ń padà sílé tí ìyípo bá parí, ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí ilẹ̀ jókòó síbẹ̀ ni. Ẹni tó ní ilẹ̀ mẹ́ta, tí a bá ka ilé rẹ̀ mọ́ ọn, tó sì ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ti yọ àmì méje: 7 ni yóò san. Ẹni tó ní ilẹ̀ mẹ́fà, tó ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́rin kan náà, ti yọ mẹ́wàá: 17 ni tirẹ̀. Kí owó tó ń wọlé fún un tó dé 15 ní ìyípo kan, tí kò tilẹ̀ tíì tó 17 yẹn, ó gbọ́dọ̀ ti kó olùgbé méje (kúùbù kékeré ni wọ́n) sórí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, àwọn tó ń mú owó wá. Ẹ bi ẹni tó ti ta eré yìí bóyá ó rọrùn.

Tí owó kò bá pé ńkọ́? Ẹ lè fi sáyẹ́ǹsì tàbí ohun èlò, ohun méjì yòókù tí pílánẹ́ẹ̀tì ń mú wá, ṣe pàṣípààrọ̀: ẹ̀yà èèyàn, tí wọ́n ń pè ní Terran, ń fi méjì gba owó kan, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà yòókù ń fi mẹ́ta gbà á. Tí kò bá tíì pé, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àmì kúrò lórí ilẹ̀ yín, àwọn olùgbé ibẹ̀ á padà sílé, ohun tó ń wọlé á sì tún dín kù sí i. Ìyà yìí gan-an ló máa ń jẹ́ kí èèyàn ní òun ò ta mọ́.

Ọ̀ta ayò ọlọ́pọ́n kì í kó ọmọ ayò nílẹ̀ láìkọ́kọ́ fojú ka ibi tí èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe níbí. Kí ìyípo tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ síta pé, "Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni mo fẹ́ ṣe, ilẹ̀ kan ni mo fẹ́ gbà, iye báyìí ni n ó san." Kò sí àṣírí nínú rẹ̀, gbogbo tábìlì ló ń rí pátákó yín.

Ohun tó tẹ̀lé e ni pé kí ẹ mọ páálí kọ̀. Òfin gbà yín láyè láti jù ú nù lẹ́yìn tí ẹ bá ti wò ó, àmọ́ ó máa ń dun àwọn tuntun. Ní tèmi, ní ìyípo méjì àkọ́kọ́, ilẹ̀ tí kò ní pílánẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn gbọ́dọ̀ ní ìdí pàtàkì kí n tó fi àmì lé e. Ẹ sì tún fara balẹ̀ yí páálí kí ẹ tó gbé e kalẹ̀. Ààbọ̀ ihò, ìyẹn ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ló wà létí rẹ̀. Ọkọ̀ kò lè kọjá àfi tí ààbọ̀ bá pàdé ààbọ̀. Ẹ lè yí i kí ọ̀nà aládùúgbò dí pátápátá. Páálí tí ọkọ̀ Ancients (ọ̀tá inú eré tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni lórí tábìlì) bá wà lórí rẹ̀, ẹ kò lè gbà á àfi tí ẹ bá ṣẹ́gun wọn, síbẹ̀ mo máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tí mo bá ń fura sí, torí ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ wá á kọ́kọ́ bá wọn jà.

Ní ti ogun: dáìsì ni. 6 máa ń bà á nígbà gbogbo, 1 kì í bà á láéláé. Fún àwọn tó kù, ẹ fi agbára kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yín kún un, ẹ yọ asà ọ̀tá kúrò, kí ó pé 6. Ọkọ̀ kékeré ń gba ohun èlò 3, ti àárín 5, ńlá 8. Ṣùgbọ́n pípààrọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò gba ohun èlò rárá, ìgbésẹ̀ nìkan ló ń ná yín, ó sì kan gbogbo irú ọkọ̀ náà tó ti jáde. Nítorí náà ẹ tún un ṣe ná, kí ẹ tó kàn án. Ọkọ̀ àárín méjì tó dira dáadáa wù mí ju kékeré márùn-ún tí a kò fọwọ́ kàn lọ.

Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè bá aládùúgbò pààrọ̀ aṣojú: máàkì kan ni, olùgbé tí ẹ bá fi ránṣẹ́ á sì jẹ́ kí ohun tó ń wọlé pọ̀ sí i. Ẹni tó bá da májẹ̀mú náà, tí kò sì sí ọ̀dàlẹ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, á pàdánù máàkì 2.

Fún tábìlì tí gbogbo yín ti jẹ́ tuntun, kí gbogbo èèyàn mú Terran, ẹ fi àwọn ẹ̀yà abàmì sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Tó bá ku ìyípo tó kẹ́yìn, ẹ rántí pé owó tó bá kù lọ́wọ́ kò ní máàkì kankan. Àfi tí máàkì bá dọ́gba nìkan ni wọ́n ń wò ó. Ẹ sọ sáyẹ́ǹsì tó kù di owó, ẹ fi ra ìgbésẹ̀ kan sí i. Ẹni tó bá ti ní ìmọ̀ ẹ̀rọ Monolith, ìyẹn òpó ńlá tí a ń kọ́ sórí ilẹ̀ ẹni, tí ohun èlò 10 ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀, máàkì 3 ló wà níbẹ̀ fún un.