Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Ará Ìlú àti Òṣìṣẹ́ Ìlera ní Ìtọ́jú Pàjáwìrì

Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn lójú ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kì í sábà jẹ́ dókítà. Ọlọ́kadà, awakọ̀ èrò tàbí ẹni tó ń tajà létí títì ni. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì fi pín sí ọ̀nà méjì.

Ti ará ìlú kò gùn, kò sì sí oògùn nínú rẹ̀. Wọn yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ewu ṣì wà níbẹ̀ fún àwọn fúnra wọn, wọn yóò pe 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, èyí tó yẹ kí olùkọ́ pẹ́ lé lórí jù lọ, nítorí pé ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá rẹ̀ já lè kú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ká aṣọ mímọ́ lé ojú ọgbẹ́, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ gírígírí, kò sì gbọdọ̀ máa ṣí i wò; bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ náà, òmíràn ni yóò gbé lé e. Wọ́n tún ń kọ́ wọn láti jáwọ́ nínú dída kẹrosíìnì sójú ọgbẹ́, fífi ṣíbí la ẹnu ẹni tí wárápá gbé, àti rírọ omi sẹ́nu ẹni tó ti dákú. Ní ti ẹni tí kò mí mọ́, orí ère onírọ́bà ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ àárín àyà, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Iṣẹ́ yìí máa ń tánni lókun ju bí a ti rò lọ.

Ní ti àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìgbìmọ̀ àgbáyé Red Cross gbé ẹ̀kọ́ kan jáde ní 2018 fún ibi tí irinṣẹ́ kò ti pọ̀. Ohun tó lè tètè pani ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá: ọ̀nà ọ̀fun, èémí, ìṣàn ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ, lẹ́yìn náà gbogbo ara. Bí wọ́n bá gbé ọlọ́kadà tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta dé ilé ìwòsàn kékeré kan, ẹsẹ̀ yẹn ni ojú gbogbo ènìyàn yóò lọ, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí yóò kọ́kọ́ tẹ́tí sí bó ṣe ń mí. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 kò sì gbà kí ó lé e padà.

Ibi tí ẹ̀kọ́ méjèèjì ti pàdé ni ìgbà tí wọ́n bá ń fa aláìsàn lé ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó gbé e wá yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ti ṣe, àti ìgbà tó ṣe é. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀já so ẹsẹ̀ pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, aago tí wọ́n so ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí yóò bá aláìsàn dé ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó, nítorí pé bí ó bá pẹ́ jù, ẹran ara tó wà nísàlẹ̀ ọ̀já náà lè kú.