Ọmọ mi fẹ́ ka Computer Science: iṣẹ́ wo ni kó mú ní SS1?

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, na fọ́ọ̀mù kan sí mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS3, ilé ìwé sì ní kí wọ́n lọ yan iṣẹ́ (subject) mẹ́sàn-án tí yóò máa kọ́ títí yóò fi jókòó WAEC. Kọ̀ǹpútà lọmọ fẹ́ kà ní yunifásítì. Ìyá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, mi ò fẹ́ ká ṣi ẹsẹ̀ gbé." Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama lẹ́yìn ilé ìwé, kò sì sí ọdún tí wọn kì í bi mí nírú ìbéèrè yìí. Ohun tí ìyá náà bi mí àti èsì tí mo fún un nìyí.

Ọmọ yìí mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ dáadáa. Ṣé kò lè mú ẹ̀ka Commercial, kó wá ka kọ̀ǹpútà tó bá yá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń kó sí kòtò. Ó dára kéèyàn mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni yunifásítì ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè nínú WAEC tàbí NECO: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, pẹ̀lú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì méjì mìíràn. Láti A1 dé C6 ni wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì. D7 ti bọ́ síta. Tó bá kan JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì kò ṣeé yẹ̀. Ẹyọ kan ló kù tí ọmọ yóò fọwọ́ ara rẹ̀ mú, nínú Kẹ́mísìrì, Bàyọ́lọ́jì, Àgíríkì, Jọ́gíráfì àti Economics.

Ọmọ Commercial kì í sábà kọ́ Físíìsì. Bó gba A1 nínú Àkántì, ilẹ̀kùn yẹn kò ní tìtorí ẹ̀ ṣí. Bí ó bá sì yí ọkàn padà lọ́la sí Cybersecurity (dídáàbò bo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ olè) tàbí Software Engineering (ṣíṣe ètò tí kọ̀ǹpútà ń lò), Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì yìí náà ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ni kó lọ.

Kí ni ìṣirò fẹ́ ṣe nínú kọ̀ǹpútà? Ṣebí ẹ̀rọ ló ń bá èèyàn ṣírò?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Mo ní kí ìyá fojú inú wo rẹ́jísítà tí orúkọ ẹgbẹ̀rún ọmọ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tò ó láti A dé Y. À ń wá Ọláídé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè lè ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ kó tó rí i. Ẹlòmíràn ṣí i sí àárín gan-an, ó bá Káyọ̀dé níbẹ̀. Ó mọ̀ pé iwájú ni Ọláídé wà, ló bá pa ìdajì àkọ́kọ́ tì. Ó ku 500. Ó tún ṣí àárín èyí tó kù, ó ku 250, lẹ́yìn náà 125. Bó ti wù kó rí, kò ní yẹ orúkọ wò ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ.

Èéṣe tó fi jẹ́ mẹ́wàá? Torí pé tí ẹ bá kọ 2 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí ẹ sì sọ wọ́n di púpọ̀ (2 × 2 × 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ), 1,024 lẹ máa rí, ó sì ju ẹgbẹ̀rún lọ. Kíka iye 2 tó wà nínú ìsọdipúpọ̀ yẹn, lọ́gárídímù nìyẹn, èyí tí wọ́n ń kọ́ ní SS1, tí àwọn ọmọ máa ń bi mí pé kí la fẹ́ fi ṣe láyé. Bí orúkọ bá di mílíọ̀nù kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá péré la máa fi kún un. Ẹ̀rọ kò mọ̀ fúnra rẹ̀ pé àárín ló yẹ kóun ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn ló ń sọ fún un, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ìṣirò.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí: àwọn ọmọ wa kò lè fi Yorùbá ka nǹkan kọjá ogún mọ́. Ẹ wo árùndínláàádọ́ta (45). Àádọ́ta ni a yọ márùn-ún nínú rẹ̀. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ọgọ́ta la yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ọgọ́ta sì jẹ́ ogún mẹ́ta. Ọmọ tó bá ti rí i pé ogún-ogún làwọn baba wa fi ń kà kò ní bẹ̀rù nígbà tí tíṣà bá sọ pé méjì-méjì ni kọ̀ǹpútà ń kà, pé 1101 ni kọ̀ǹpútà ń pe 13: ẹyọ 8 kan, ẹyọ 4 kan, kò sí 2, ẹyọ 1 kan.

Tíṣà ní kó má mú Further Maths, pé ó le, yóò ba èsì rẹ̀ jẹ́.

Kì í ṣe dandan kó tó wọlé. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, kó mú un. Inú rẹ̀ ni mátíríìsì, calculus (ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà), sẹ́ẹ̀tì àti lọ́jíìkì wà, àwọn náà ló sì ń dúró dè é ní ọdún kìíní àti ìkejì ní yunifásítì. Nígbà tí mo wà ní SS2, àwa mẹ́rin péré la kù ní kíláàsì yẹn. Wọ́n ní kí n má fi dá ara mi lóró, mo sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo dé yunifásítì, olùkọ́ sáré gba orí calculus kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tó ti fi ọdún méjì kọ́ ọ ń mi orí, èmi ń da ìwé kọ láìmọ ohun tí mò ń kọ. Odindi ọdún kan ni mo fi sáré lé wọn.

Bí ọmọ bá ń ṣe dáadáa nínú ìṣirò JSS3, kí ẹnikẹ́ni má dẹ́rù bà á.

Ilé ìwé wọn ní Computer Studies àti Data Processing. Ṣé ìyẹn kò tó?

Kó mú ọ̀kan tí àyè bá wà. Kò lè rọ́pò Físíìsì.

Wọn ò ní tíṣà Físíìsì gidi níbẹ̀ ńkọ́?

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ta ló ń kọ́ wọn? Ṣé wọ́n máa ń wọ yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì (lab), àbí títì ló wà? Bí kò bá sí olùkọ́, òbí márùn-ún tàbí mẹ́fà lè dáwó jọ kí wọ́n gba ẹnì kan tó máa kọ́ àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wà l'Adó níbí, FUOYE, yunifásítì ìjọba àpapọ̀, wà l'Ọyẹ́. Ẹ ò ní wá ẹni tó gbọ́ Físíìsì jìnnà. Ẹ má dúró di SS3. Iná mànàmáná tí wọ́n ń kọ́ nínú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà: iná wọlé, iná kò wọlé, ibẹ̀ ni 1 àti 0 ti wá.

A ò ní kọ̀ǹpútà nílé.

Kó máa bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ kó ìwé méjìlá tí orúkọ wà lára wọn fún un, kó tò wọ́n ní A dé Y, kó sì máa ka iye ìgbà tó fi ìwé kan wé èkejì. Lẹ́yìn náà kó wá ọ̀nà tí iye yẹn fi máa dín kù. Kó kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e láìbéèrè nǹkan kan. Ibi tí àbúrò bá ti dúró, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Tó bá yá, ó lè kọ Python, èdè kan tí wọ́n fi ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe fún un, lórí fóònù yín.

Ìyá gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó kọ Físíìsì, ó kọ Kẹ́mísìrì, ó wá pe ọmọ tó ń ká aṣọ lẹ́yìn ìsọ̀ pé kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ Further Maths.