Omi tí Amẹ́ríkà ń fà ti dínkù, ṣùgbọ́n èwo ló dínkù?

Láti ọdún 1950 títí di 2015 ni U.S. Geological Survey, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣírò omi Amẹ́ríkà, fi ń kó iye omi tí orílẹ̀-èdè náà ń fà lójúmọ́ jọ ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Lọ́dún 1950, bílíọ̀nù gálọ́nù 180 ni lójúmọ́ kan. Nígbà tó fi máa di 1980, ó ti di 430. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò omi nígbà náà rò pé bí èrò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni omi náà yóò máa pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2015, bílíọ̀nù 322 ni wọ́n fà, tòun ti omi iyọ̀ etíkun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye ènìyàn ti kúrò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 227, ó ti lé ní 320.

Ohun ìdùnnú ni, inú èmi náà sì dùn sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ omi tí mo ń ṣe ní Texas níbí, mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa pé, "Omi kì í ṣe wàhálà l'Amẹ́ríkà mọ́ o, wọ́n ti ń lo díẹ̀." Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣini lọ́nà nìyẹn, torí omi tó dínkù kọ́ ni omi tó ń tán.

Ilé iṣẹ́ amúnáwá ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àdínkù yìí. Ilé iṣẹ́ tó ń sun èédú tàbí gáàsì máa ń se omi títí yóò fi di ooru tó ń yí ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà wọ́n á tún wá omi mìíràn tí yóò mú ooru náà tutù. Láyé àtijọ́, ṣe ni wọ́n máa ń fa omi odò rẹpẹtẹ, tí yóò gba ara páìpù gbígbóná kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n tó dà á padà sódò ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹja ń kú lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń fa omi náà, ó sì tún ń kú níbi tí wọ́n ń dà á sí. Láti ìgbà tí òfin omi mímọ́ ti ọdún 1972 ti jáde, àwọn ilé iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé gogoro tí omi kan náà ti ń tutù, tí wọ́n sì ń tún un lò. Nígbà tó yá, wọ́n ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ èédú pa, ilé iṣẹ́ gáàsì tuntun àti ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí wọn kì í gba omi tó ti èédú, sì gba ipò wọn. Láàárín 2010 sí 2015, ẹ̀ka yìí nìkan ló ni ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo omi tó dínkù.

Ẹ wá fara balẹ̀ wo èyí. Bílíọ̀nù gálọ́nù 133 ni àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá ń fà lójúmọ́ lọ́dún 2015, àmọ́ ìdá 3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni kò padà sódò. Oko tí wọ́n ń bomi rin fa 118, ṣùgbọ́n ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló gba ojú ewé àti ilẹ̀ lọ sójú ọ̀run. Omi tó jẹ́ pé yóò padà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n dín kù jù.

Nínú ilé náà, àyípadà wà. Òfin ọdún 1992 ló fà á tí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun fi ń lo gálọ́nù 1.6 láti 1994, nígbà tí ti àtijọ́ ń lo 3.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn àwo tiyín, níbi tí ìdérí ti ń fara tì í, ẹ ó rí i tí wọ́n tẹ 1.6 gpf tàbí 1.28 gpf sí i, ìyẹn iye gálọ́nù tó ń lò lẹ́ẹ̀kan tí ẹ bá da omi sí i. Síbẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣì ń lo gálọ́nù 82 lójúmọ́ nílé lọ́dún 2015. Ó lé ní kẹ́ẹ̀gì olítà 25 méjìlá.

Omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Láàárín 2010 sí 2015 kan náà, omi tí kò níyọ̀ tí wọ́n ń fà láti odò àti adágún fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, ṣùgbọ́n ti abẹ́ ilẹ̀ fi ìdá 8 lé sí i. Ọ̀dá dá ní California nígbà náà, odò gbẹ, àwọn àgbẹ̀ sì kọjú sí kànga. Omi Ogallala, tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ mẹ́jọ láti South Dakota dé Texas, ti fà sẹ́yìn ju 150 ẹsẹ̀ bàtà lọ láwọn apá ibì kan ní Texas. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ kò tó láti dá a padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston, ọ̀rọ̀ yìí wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kànga ni ìlú àti àwọn ilé iṣẹ́ epo ń fa omi láti inú rẹ̀. Bí omi ṣe ń jáde ni àwọn ìpele amọ̀ ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀, amọ̀ yẹn kò sì dà bíi fóòmù tó máa ń wú padà. Ilẹ̀ rì tó ẹsẹ̀ bàtà 9 sí 10 láwọn ibì kan lẹ́bàá Ship Channel, ọ̀nà omi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Houston. Àdúgbò kan wà ní Baytown tí wọ́n ń pè ní Brownwood, omi òkun ń wọlé bá wọn lemọ́lemọ́ títí ìjì Alicia fi ba ibẹ̀ jẹ́ pátápátá lọ́dún 1983. Ẹnikẹ́ni kò gbébẹ̀ mọ́. Ibi ìgbafẹ́ àwọn tó ń wo ẹyẹ ló dà.

Ní 1975, ìjọba Texas dá àjọ Harris-Galveston Subsidence District sílẹ̀ láti máa fi òfin díwọ̀n omi tí wọ́n ń fà nínú kànga. Ó ṣiṣẹ́: ilẹ̀ ẹ̀bá Ship Channel fẹ́rẹ̀ẹ́ má rì mọ́. Àmọ́ ìlú ti fẹ̀ lọ sí Katy àti Spring, níbi tí kànga ṣì pọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ló sì ń rì báyìí.

Ní gbogbo Amẹ́ríkà, ó di dandan kí ilé iṣẹ́ omi fún yín ní ìròyìn kan lọ́dọọdún, Consumer Confidence Report lorúkọ rẹ̀. Ẹ má kàn sọ ọ́ nù. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ orísun omi yín sí: ṣé odò ni, àbí kànga? Ẹ̀yin ará Katy tàbí Spring tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè pumpage fee, owó fífa omi kànga tó wà lórí bíìlì yín, mo mọ̀ pé ó ń dunni. Lára ohun tí wọ́n ń fi owó yẹn ṣe ni páìpù tó ń gbé omi odò Trinity bọ̀ láti ìlà-oòrùn, kí wọ́n lè dín omi tí wọ́n ń fà nínú kànga àdúgbò yín kù.