Ọmọ mi ò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kejì: kí ló dé sáwọn ará Amẹ́ríkà?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 títí di ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá, odidi ọjọ́ 43, ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi wà ní títì torí pé àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tó tóbi jù níbẹ̀, Republican àti Democrat, ò fẹnu kò lórí ìnáwó. Ó rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ìdáhùn àwọn onímọ̀ òṣèlú sí àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi nìyí.

Àwọn Republican ló pọ̀ jù nílé aṣòfin méjèèjì. Kí ló dé tí wọn ò dá a ṣe?

Ìbò 60 ni irú àbádòfin bẹ́ẹ̀ nílò kó tó kọjá nílé aṣòfin àgbà. 53 nínú 100 ni wọ́n ní.

Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń jà látijọ́ nìyí?

Rárá. Lọ́dún 1950, ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ òṣèlú Amẹ́ríkà ráhùn pé ẹgbẹ́ méjèèjì jọra jù. Nígbà náà, inú Democrat ni àwọn òyìnbó Gúúsù tí kò fẹ́ kí adúláwọ̀ dìbò wà, àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 àti òfin ìdìbò ti 1965 ló tú wọn ká díẹ̀díẹ̀. Lónìí, àwọ̀ èèyàn, ẹ̀sìn rẹ̀ àti ibi tó ń gbé máa ń tọ́ka sí ẹgbẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ní gbogbo ìgbà.

Ṣé ètò ìlú ni wọ́n ń jà lé lórí, àbí ìkórìíra?

Méjèèjì, ṣùgbọ́n ìkórìíra ló ń yára dàgbà. Shanto Iyengar ti Yunifásítì Stanford àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìbéèrè kan: ṣé inú yín á bà jẹ́ bí ọmọ yín bá fẹ́ ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì? Lọ́dún 1960, nǹkan bí 5 nínú 100 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó fi di 2010, ó ti di ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn Democrat àti bí ìdajì àwọn Republican. Àwa náà máa ń wádìí ìdílé kọ́mọ tó wọlé ọkọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, káàdì ẹgbẹ́ ti wọ inú ìwádìí náà.

Èyí tó dùn mí jù nìyí: wọn ò mọ ara wọn. Àwọn olùwádìí méjì, Douglas Ahler àti Gaurav Sood, bi àwọn èèyàn pé, nínú 100 Republican, mélòó ló ń gbà ju 250,000 dọ́là lọ lọ́dún? Wọ́n ní 38. Méjì péré ni. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ìjà lórí oyún ṣíṣẹ́, ìbọn àti àwọn àjèjì kì í ṣe èrò ọkàn lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń bínú sí kọ́ ló wà níwájú wọn.

Ṣé ogun abẹ́lé ń bọ̀?

Ìwà ipá wà. Gbogbo ayé rí ti ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní 2021, nígbà táwọn alátìlẹ́yìn Trump ya wọ ilé aṣòfin. Síbẹ̀, tí wọ́n bá la ìbéèrè yé èèyàn dáadáa, díẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà pé ìkejì ń fẹ́ ìwà ipá ju bó ṣe ń fẹ́ ẹ lọ. Ẹni tó rò pé wọ́n ń bọ̀ wá ká òun mọ́lé, àdá ló máa wá kiri.

Ṣé ó lè sàn?

Lọ́dún 2024, àbájáde ìdánwò ńlá kan jáde: wọ́n dán ọ̀nà 25 tí wọ́n rò pé ó lè dín ìkórìíra yìí kù wò lára èèyàn tó lé ní 32,000. Mẹ́tàlélógún nínú àwọn ọ̀nà náà dín ìkórìíra kù. Àmọ́ ìkórìíra tó dín kù ò fi dandan mú kí wọ́n kọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ tiwọn bá ń rú òfin.

Kí ni kí àwa tí a wà níbẹ̀ ṣe?

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìlú, ẹ dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́. Níbi tí ẹgbẹ́ kan ti jẹ gàba, inú ìdìbò abẹ́lé yìí ni wọ́n ti ń mú aṣòfin, díẹ̀ sì ni àwọn tó ń jáde láti dì í. Bó bá jẹ́ green card lẹ ní, ẹ má forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kódà bí òṣìṣẹ́ bá gbé fọ́ọ̀mù lé yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti ń gba ìwé ọkọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, wọ́n sì lè torí rẹ̀ lé yín kúrò nílùú.