Inú Ilẹ̀kùn Ṣófo, Kí Ló Wá Ń Gbé E Ró?

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, ilẹ̀kùn yàrá ni mo sì ń kàn jù. Ẹjọ́ kan wà tí àwọn oníbàárà kì í yé rò fún mi: ẹjọ́ ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ tí à ń pè ní flush door, tí inú rẹ̀ kì í ṣe ògidì pákó. Wọ́n á fi ìka kàn án, á dún bí ìlù, ojú wọn á sì yí padà. Mo kó àwọn ìbéèrè wọn jọ síhìn-ín, pẹ̀lú ọ̀kan tí ọmọ iṣẹ́ mi bi mí tí mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ sí lọ́jọ́ tó bi mí.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, mo ra ilẹ̀kùn yàrá mẹ́rin. Ọmọ mi tí kò ju ọdún méjìlá lọ dá gbé ọ̀kan. Ṣé wọn ò ti lù mí ní jìbìtì báyìí?

Ìdáhùn: Rárá o, àfi tó bá jẹ́ owó ilẹ̀kùn ìrókò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2.1, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó nípọn ní mìlímítà 40, bó bá jẹ́ ògidì ìrókò gbígbẹ, á wọn nǹkan bíi kílò 49. Bó bá jẹ́ arère, tó fúyẹ́ púpọ̀, á ṣì tó kílò 29. Èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, tí wọ́n fi arère ṣe egungun rẹ̀, tí wọ́n wá fi puláìwúùdù bò ó lójú méjèèjì, kò ní ju bíi kílò 15 lọ.

Fífúyẹ́ yẹn kì í ṣe àbùkù. Ilẹ̀kùn kì í kàn fa ara rẹ̀ sílẹ̀ lásán. Orí rẹ̀ ń fẹ́ já kúrò lára férémù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń ti férémù. Bí hínjì òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá fi mítà 1.6 jìnnà síra, ilẹ̀kùn ìrókò á máa fi agbára bíi kílò 14 fa hínjì òkè, tọ̀sán-tòru, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tó ṣófo kò fà ju kílò 4 àti díẹ̀ lọ. Ẹ ti rí ilẹ̀kùn tó ti ya ojú ilẹ̀ bí òṣùmàrè nítorí pé ó ń họlẹ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí i? Ìwọ̀n ló fà á.

Ìbéèrè: Ó dáa, ó fúyẹ́. Àmọ́ báwo ni ohun tó ṣófo ṣe lè le?

Ìdáhùn: Ẹ wo ọparun. Inú rẹ̀ ṣófo, síbẹ̀ òun làwọn bíríkìlà ń fi gbé dẹ́kìn ró kí kọnkéré tó gan. Ibi tó bá sì ti dà bíi pé á pẹlẹbẹ, ibẹ̀ ni oríkèé wà tó ń dì í mú láti inú.

Ẹ wá ronú nípa pákó tí ẹ fẹ́ tẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ojú kan ń fà gùn, ojú kejì ń sún kì. Igi tó wà ní àárín gbùngbùn kò fà, kò sì sún kì. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, bí àlejò tó wá sóde tó ń jẹun tí kò bá wọn gbé àga. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni awọ méjèèjì tó wà níta, bí wọ́n bá sì ṣe jìnnà síra tó ni iṣẹ́ wọn ṣe ń pọ̀ tó.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí pákó ṣe máa ṣòro tẹ̀ tó, ẹ mú ìnípọn rẹ̀, kí ẹ fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá lẹ puláìwúùdù mìlímítà 4 méjì pọ̀, ó di 8: 8 lọ́nà 8 lọ́nà 8 jẹ́ 512. Ẹ wá ya àwọn méjèèjì náà nípa, kí ẹ fi àlàfo mìlímítà 32 sáàárín wọn, kí gbogbo rẹ̀ di 40. 40 lẹ́ẹ̀mẹta jẹ́ 64,000. Ẹ yọ àlàfo kúrò, ìyẹn 32 lẹ́ẹ̀mẹta, 32,768. Ó ku 31,232. Igi kan náà, ẹ ò fi èérún kan kún un, ó ti fi ìlọ́po 61 le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi wé ògidì pákó tó nípọn tó 40, ìdá kan nínú márùn-ún igi rẹ̀ lẹ lò, ẹ sì rí nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ gbà.

Lórí ìwé nìyẹn o. Lójú ayé, ohun tó wà láàárín máa ń yọ̀ǹda díẹ̀, nítorí náà kì í pé tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọgbọ́n yìí ti gbé ènìyàn fò rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ọkọ̀ òfurufú onígi kan tí wọ́n ń pè ní de Havilland Mosquito. Puláìwúùdù igi birch ni awọ ara rẹ̀, níta àti nínú, igi balsa tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ló wà láàárín. Oṣù kọkànlá ọdún 1940 ló kọ́kọ́ fò, àwọn káfíńtà tó ń kan àga àti tábìlì sì wà lára àwọn tó ń ṣe é. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ìyẹn.

Ìbéèrè: Mo la ọ̀kan tó bàjẹ́, páálí ni mo bá nínú rẹ̀! Páálí ìwé! Kí ni páálí ń wá nínú ilẹ̀kùn?

Ìdáhùn: Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ wo etí rẹ̀: àwọn ojú ìwé ti yọ̀ lórí ara wọn, wọ́n ṣe bí àtẹ̀gùn. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo ojú ìwé náà mọ́ra, kí ó gbẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti di pákó.

Iṣẹ́ páálí nìyẹn. Kì í jẹ́ kí awọ méjèèjì yọ̀ lórí ara wọn, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ra. Ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe tò ó: wọn kò tẹ́ ẹ sílẹ̀, ńṣe ni wọ́n gbé e nàró, ihò onígun mẹ́fà mẹ́fà, bí afárá oyin. Bébà tí wọ́n tẹ́ kò lè gbé nǹkan. Ẹ ká a róbótó, kí ẹ gbé e nàró, kí ẹ rọra gbé Bíbélì lé e lórí. Á gbé e. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ ló wà nínú ilẹ̀kùn yẹn, ẹnìkejì sì ń ti ògiri ẹnìkíní.

Gọ́ọ̀mù ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bí etí páálí kò bá lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ ti padà sórí ìwé tó ń yọ̀. Ilẹ̀kùn tí ẹ bá fọwọ́ tẹ àyà rẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde, tó ń ṣe "kẹ̀kẹ̀", gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ṣí nínú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀kùn káàkiri. Èmi máa ń ṣe é, bí ọlọ́jà bá ń wò mí, kó máa wò.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kan ọ̀kan fúnra mi. Ibo ni kí n fi igi sí, ibo ni kí n fi sílẹ̀ lófìfo?

Ìdáhùn: Ẹ fi igi sí ibi tí ìyà máa ń bá ilẹ̀kùn. Etí rẹ̀ yíká: òpó méjì ní ẹ̀gbẹ́, igi ìdábùú lókè àti nísàlẹ̀. Òpó ẹ̀gbẹ́ ni sùkúrúù hínjì máa bu jẹ, ẹ má fi èyí tó ní kókó síbẹ̀. Níbi tí kọ́kọ́rọ́ máa wà, ẹ fi ìtì igi tó gbòòrò kún òpó náà láti inú, torí pé wọ́n máa gbẹ́ ihò ńlá síbẹ̀. Mo máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n lè gbé ilẹ̀kùn náà sí ọwọ́ tó bá wù wọ́n.

Ẹni tí kò bá rí páálí onígun mẹ́fà rà, kó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe egungun ìhà. Bí àlàfo àárín wọn bá ṣe kéré tó ni awọ ò ní í jìn tó: bí ẹ bá gé àlàfo yẹn sí méjì, lọ́tùn-ún-lósì àti lókè-nísàlẹ̀, bí ìgbúnwọ́ ṣe ń tẹ awọ náà wọnú á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Gbogbo egungun gbọ́dọ̀ bá òpó àti igi ìdábùú etí ilẹ̀kùn dọ́gba ní ìnípọn. Èyí tó bá yọ sókè díẹ̀, bí ẹ bá ti kun ọ̀dà tán báyìí, ẹ ó máa ka ìhà ilẹ̀kùn yín lójú bí ti ajá tí kò rí oúnjẹ jẹ.

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ ti lẹ̀ ẹ́. Bí tábìlì bá wọ́, ilẹ̀kùn á wọ́, kò sì sí ìfági tó lè tún un ṣe mọ́. Mo máa ń to àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà lé e lórí, á sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀. Awọ iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà, ìnípọn kan náà, kí ojú igi wọn sì kọrí sí ibì kan náà. Nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, igi ń mu omi ó sì ń tu omi. Bí ojú kan bá ń mu ju èkejì lọ, ilẹ̀kùn á tẹ̀ bí ọrun. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni kí èèyàn kun iwájú kó má kun ẹ̀yìn.

Ìbéèrè (ti ọmọ iṣẹ́ mi): Ọ̀gá, afẹ́fẹ́ tá a sé mọ́nú ilẹ̀kùn ńkọ́? Tó bá gbóná, ibo ló máa gbà jáde?

Ìdáhùn: Ojú mi ò ní gbàgbé rẹ̀. Mo ní kó lọ gbálẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo lẹ ilẹ̀kùn kan, mo sé gbogbo etí rẹ̀ pinpin, mo gbé e sínú oòrùn ọ̀sán kí ọ̀dà lè tètè gbẹ. Nígbà tí mo máa fi padà dé, àyà rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì, gọ́ọ̀mù ti ṣí níbi méjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fẹ́ fẹ̀. Láti ìwọ̀n ooru 30 sí 60, afẹ́fẹ́ tí a bá sé mọ́ pinpin máa fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé agbára tó fi ń tini, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan lórí mítà kan níbùú lóròó. Puláìwúùdù ń mí díẹ̀díẹ̀, kì í jẹ́ kó dé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nísinsìnyí, mo máa ń lu ihò wẹ́wẹ́ méjì méjì sí igi ìdábùú òkè àti ti ìsàlẹ̀, mo sì máa ń gé ojú wẹ́wẹ́ sí ara àwọn egungun kí atẹ́gùn lè ti àlàfo kan bọ́ sí èkejì. Ẹ bẹ òkè ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe dáadáa wò, ẹ ó rí àwọn ihò náà. Ẹ má fi ọ̀dà dí wọn. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ti gba òmìnira báyìí, ó sì máa ń rán mi létí.

Ìbéèrè: Wọ́n tẹ́ táìsì sí yàrá, ilẹ̀kùn ò wọlé mọ́. Káfíńtà gé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wá ṣí bí ẹnu ẹja.

Ìdáhùn: Ó gé igi ìdábùú kúrò nìyẹn. Igi náà lè máà ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Ẹni tó bá gé ju bẹ́ẹ̀ ti bọ́ sínú òfìfo. Kò tíì bàjẹ́ o. Ẹ wá èyí tó gé sọnù, ẹ ha awọ puláìwúùdù ara rẹ̀ dànù kó ku igi nìkan, ẹ tì í padà sáàárín awọ méjèèjì pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, ẹ fún un mọ́ra di ọjọ́ kejì. Ẹ kọ́kọ́ rọ páálí sẹ́yìn kí àyè lè wà.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè lò ó sí balùwẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ lè lò ó, bí ẹ bá ti kun abẹ́ rẹ̀. Abẹ́ lomi ń gbà wọlé, abẹ́ náà sì ni kò sẹ́ni tó ń kùn. Gọ́ọ̀mù funfun tó wọ́pọ̀ kì í bá omi ṣọ̀rẹ́.

Ìbéèrè: Ẹnu ọ̀nà ìta ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Líle tí mò ń sọ látòkè, ti kó má tẹ̀, kó má wọ́ ni. Ti ẹni tó bá ta á nípàá, nǹkan mìíràn nìyẹn. Mìlímítà 4 péré ló wà láàárín ẹsẹ̀ olè àti inú ilé yín. Iná náà kì í pẹ́ là á já. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain, ẹ wo etí ilẹ̀kùn yín: èyí tí wọ́n kọ FD30 sí jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe láti dá iná dúró fún ìṣẹ́jú 30, ó sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 44, inú rẹ̀ kì í ṣófo. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ nílé tí ẹ háyà, ẹ má fi èyí tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ wọ́n.

Ìbéèrè: Mo kan ìkọ́ aṣọ mọ́ ọn, ó jábọ́.

Ìdáhùn: Inú afẹ́fẹ́ lẹ kàn án sí. Ẹ fi ìka kan ilẹ̀kùn láti àárín lọ sí etí. Ibi tí ohùn bá ti yí láti "gbọ́ngbọ́n" sí "kókó", igi wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àárín lẹ fẹ́ dandan, ẹ lu ihò já sí òdìkejì, kí ẹ fi bóòtù pẹ̀lú wáṣà gbòòrò dè é lójú méjèèjì.

Ìbéèrè: Ariwo ńkọ́? Gbogbo ohun tí a bá sọ ní pálọ̀, yàrá ń gbọ́.

Ìdáhùn: Ìwọ̀n ló ń dá ohùn dúró, a sì ti mú ìwọ̀n kúrò. Àwọn kan máa ń ki fóòmù tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó sínú rẹ̀. Ó ń dín dídún bí ìlù kù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì ń kọjá. Kí ẹ tó náwó sí ìyẹn, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn yín lálẹ́ tí iná pálọ̀ bá wà ní títàn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ yẹn ń gbà wọlé ni ohùn tẹlifíṣọ̀n náà ń gbà. Ẹ kan rọ́bà mọ́ ibẹ̀ ná.